Aláǹtakùn Ẹlẹgẹ́ Kì Í Ṣe Ti Ọ̀gbẹ̀rì: Bí Ẹ Ṣe Máa Dé Ọ̀dọ̀ Rẹ̀ Láì Pa Á

Bó ṣe máa ń rí nìyí. Ẹnì kan á rí àwòrán tarántúlà (aláǹtakùn ńlá onírun) aláwọ̀ búlúù lórí fóònù, á rà á, á kó o sínú ike tí ihò rẹ̀ kò tó nǹkan, á wá máa fín omi sí i láràárọ̀ nítorí wọ́n ní inú igbó òjò ló ti wá. Kó tó pé oṣù méjì, á bá a nísàlẹ̀ ike, tó ká ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ sábẹ́ ikùn. Á ní aláìsàn ni wọ́n tà fóun. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀: omi àpọ̀jù àti afẹ́fẹ́ tí kò rọ́nà jáde ló pa á.

Ẹni tó bá ń béèrè bóyá kí ọ̀gbẹ̀rì ra èyí tó ṣọ̀wọ́n tó tún jẹ́ ẹlẹgẹ́: rárá, kó má ṣe jẹ́ àkọ́rà. Àmọ́ ọ̀nà wà tí èèyàn lè gbà dé ibẹ̀, ó sì ń gbà tó ọdún kan sí ọdún kan ààbọ̀. Ọ̀nà náà la fẹ́ tò sílẹ̀ níbí. Caribena versicolor, ọmọ erékùṣù Martinique, la máa fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ẹwà rẹ̀ ń tan ọ̀gbẹ̀rì gan-an. Bí ẹ bá rí Avicularia versicolor lórí àtẹ, òun náà ni. Ọdún 2017 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. Àwọn tó ń gbé ní Ìlú Ọba tàbí Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń tà wọ́n ní gbangba, la ní lọ́kàn.

Ohun tí ẹ máa kó jọ

- Ike kékeré méjì tó mọ́ gaara, tó gba omi 100 sí 150 mìlílítà. Ọ̀kan fún ìsinsìnyí, èkejì fún ìgbà tí àkọ́kọ́ bá dọ̀tí.
- Ìyẹ̀fun èèpo àgbọn, irú èyí tí wọ́n fún pọ̀ bíi búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ń tà níbi tí wọ́n ti ń ta nǹkan ọ̀gbìn. Ẹ ka ara rẹ̀ dáadáa: kò gbọdọ̀ ní ajílẹ̀ nínú.
- Èèpo igi cork (èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìdérí ìgò wáìnì), pẹlẹbẹ àti èyí tó ká bíi páìpù.
- Ẹ̀mú gígùn, sẹ̀ǹtímítà 20 sí 25, àti búrọ́ọ̀ṣì ayàwòrán onírun rírọ̀.
- Sírínjì mìlílítà 5 tí kò ní abẹ́rẹ́, fún omi.
- Ọmọrí ìgò omi, fún àwo omi mímu.
- Tẹmómítà kan.
- Ìwé àkọsílẹ̀. Ẹ má fojú kéré èyí.

Ẹ má ra kàǹrìnkàn inú àwo omi. Kòkòrò àìfojúrí ló ń bí. Ẹ má ra heat mat tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ ilé aláǹtakùn: bí ooru bá ń ni í lára, ìsàlẹ̀ ló máa gbẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ọ̀hún ló sì ń jó. Aago olówó pọ́ọ́kú tó ń wọn ọ̀rinrin náà kò wúlò; irọ́ ló ń pa, ohun tó bá sì sọ ló máa mú yín fín omi tí kò yẹ.

Ìpele 1: Ẹ ya "ọ̀wọ́n" kúrò lára "ẹlẹgẹ́"

Ọ̀rọ̀ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà. Òmíràn ṣọ̀wọ́n, àmọ́ ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Òmíràn kún ọjà, síbẹ̀ kí afẹ́fẹ́ kàn má tó ni, ó ti kú. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta.

Àkọ́kọ́, ṣé ó ń fara da àṣìṣe? Tarántúlà kan tó ń jẹ́ Grammostola pulchra wọ́n, ó sì ń dàgbà bí ẹni ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ bí àgbà rẹ̀ bá wà láìsí omi fún ọjọ́ mẹ́rin, kò ní ṣe é ní nǹkan kan. Ọmọ versicolor inú ike tútù tí kò ní ihò lè má rí ìparí ọ̀sẹ̀.

Ìkejì, kí ló lè fojú ẹni tó bá ṣì í mú rí? Poecilotheria metallica ti Andhra Pradesh ní Íńdíà búlúù bí aró, ìtọ́jú rẹ̀ kò sì le tó bí wọ́n ṣe ń sọ. Àmọ́ kí ẹ tó ṣẹ́jú, ó ti gun apá yín dé èjìká, bó bá sì bu yín jẹ, iṣan lè máa fà yín fún ọjọ́ mélòó kan. Èyí tó ti apá ọ̀dọ̀ wa wá náà ò gbẹ́yìn: Heteroscodra maculata, ọmọ Tógò àti Gánà, funfun bí ẹfun tí wọ́n ta dúdú sí lára. Kò wọ́n, kì í ṣe ẹlẹgẹ́, síbẹ̀ oró rẹ̀ le débi pé kò yẹ kí ọ̀gbẹ̀rì sún mọ́ ọn.

Ìkẹta, bí èyí bá kú, ibo ni òmíràn á ti wá? IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo ẹ̀dá inú igbó, ti ka P. metallica mọ́ ẹranko tó wà ní bèbè ìparun, torí inú igbó kékeré tí wọ́n ń gé lọ ló kù sí. Typhochlaena seladonia ti Bahia àti Sergipe ní Brazil tiẹ̀ tún le: kékeré ni, ara èèpo igi ló ń gbé, ó ń ṣe ilẹ̀kùn sí ẹnu ilé rẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n, ó sì jẹ́ ẹlẹgẹ́. Ẹni tó bá fi èyí kọ́ṣẹ́, ẹ̀mí ẹlòmíì ló fi ń dánra wò.

*Àyẹ̀wò:* Bí ìdáhùn kan péré nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kọ yín lóminú, ẹranko náà ti di ti ọdún tó ń bọ̀.

Ìpele 2: Ẹ wo òfin kí ẹ tó wo àwọ̀

Ní Ìlú Ọba, ẹ ò nílò ìwé àṣẹ láti sin tarántúlà. Òfin Dangerous Wild Animals Act ti 1976 kò kà á mọ́ ẹranko eléwu. Àmọ́ ìwé àdéhùn ilé tí ẹ háyà lè ka ẹran ọ̀sìn léèwọ̀. Ẹ kà á, kí lándìlọ́ọ̀dù má bàa fi yín ṣe yẹ̀yẹ́.

Gbogbo ẹ̀yà Poecilotheria wà lábẹ́ CITES (àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko igbó), Ìsọ̀rí Kejì, láti 2019. Brachypelma, ẹ̀yà tarántúlà mìíràn, ti wà níbẹ̀ ṣáájú wọn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹ ò lè gbé wọn la ààlà orílẹ̀-èdè kọjá láìsí ìwé. Ní Amẹ́ríkà, Poecilotheria márùn-ún tó wá láti Sri Lanka wọ àkọsílẹ̀ Endangered Species Act, òfin tó ń dáàbò bo ẹranko tó fẹ́ parun, lọ́dún 2018, nítorí náà títà wọ́n láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì ti di ẹ̀ṣẹ̀. Ní Brazil, òfin 5.197 ti 1967 sọ pé ohun ìní ìjọba ni ẹranko igbó. Bí ẹnì kan bá ń ta Typhochlaena fún yín, ẹ bi í léèrè bí ìyá ìyá rẹ̀ ṣe kúrò ní Brazil. Bó bá ń kó ahọ́n pọ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìpele 3: Ẹ ra akọ́niníṣẹ́

Akọ́niníṣẹ́ ni aláǹtakùn tí àṣìṣe yín kò ní tètè pa. Tliltocatl albopilosus la máa ń dábàá, onírun kíká tó wá láti Honduras, Nicaragua àti Costa Rica. Kò wọ́n, ó ń jẹun bí ẹni ìyàn mú, ìbínú rẹ̀ kò sì pọ̀. Brachypelma hamorii àti Grammostola pulchripes náà dára.

Ẹ ra ọmọ rẹ̀, kì í ṣe àgbà. Kì í ṣe tìtorí owó. Àgbà lè má bọ́ awọ lójú yín fún ọdún kan gbáko, bẹ́ẹ̀ bíbọ́ awọ gan-an lẹ fẹ́ kọ́. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ nà dé sẹ̀ǹtímítà 2 máa ń bọ́ awọ léraléra lọ́dún àkọ́kọ́.

Bí ẹ ṣe máa tún ilé rẹ̀ ṣe rèé:

1. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tí ẹ ti mú gbóná lu ihò 15 sí 20 sí ẹ̀gbẹ́ ike, méjì tó kọjú síra wọn. Ihò kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 1 lọ. Ibi tí àyà rẹ̀ bá gbà, gbogbo ara rẹ̀ máa gbà níbẹ̀.
2. Ẹ rẹ ìyẹ̀fun èèpo àgbọn, kí ẹ fún un pa pọ̀ lọ́wọ́. Bí omi bá ń kán, ó ti tutù jù. Ẹ kó o kún ike dé ìlàjì tàbí ìdá méjì nínú mẹ́ta, kí ẹ fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.
3. Ẹ fi ìka gbẹ́ ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ike, kí ẹ da èèpo cork bò ó.
4. Ẹ gbé ọmọrí ìgò tó kún fómi sí kọ̀rọ̀ kejì. Fún ọmọ tó ṣì kéré jù, ẹ fi sírínjì kán omi sí igun kan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Kí igun yòókù wà ní gbígbẹ.

Ìwọ̀n ooru inú yàrá, dígírì 20 sí 26 (Celsius), ti tó o. Bí yàrá yín bá ń tutù ju 18 lọ nígbà òtútù, ẹ mú gbogbo yàrá gbóná, kì í ṣe ike.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í:* gíga. Tarántúlà tó ń gbé ilẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń jábọ́. Ikùn rẹ̀ dà bí ọ̀rá omi tó kún dé ẹnu. Ìgbọ̀nwọ́ kan péré tó ti já lè bẹ́ ẹ. Láti orí iyẹ̀pẹ̀ dé ọmọrí, kí àlàfo náà má ju ìlọ́po kan ààbọ̀ gígùn ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Bí ó bá já tí omi ara rẹ̀ ń jáde, ẹ bu kọ́nfláwà gbígbẹ lé ojú ibẹ̀ títí á fi dì, kí ẹ sì fi í sílẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* Lọ́jọ́ kẹta, ara ike kò gbọdọ̀ lààgùn. Bí ó bá ṣú bíi gíláàsì ọkọ̀ nígbà òjò, ihò yín kò tó. Ẹ lu sí i.

Ìpele 4: Oúnjẹ, àti awọ tó ń bọ́

Ẹ fún ọmọ náà ní ìrẹ̀ kékeré tàbí ọmọ aáyán tí wọ́n dìídì sìn, lọ́jọ́ márùn-ún márùn-ún. Ohun ọdẹ náà kò gbọdọ̀ gùn ju ikùn rẹ̀ lọ. Bó bá ṣì kéré gan-an, ẹ pa ìrẹ̀ náà kí ẹ gbé e sílẹ̀. Á wá jẹ ẹ́ lóru. Ohun tí kò bá jẹ láàárín wákàtí 24, ẹ kó o kúrò.

Ẹ má mú kòkòrò láti ìta wá. Ẹ ò mọ ilé tó ti gba oògùn apakòkòrò kọjá. Oògùn tí wọ́n ń kán sí ẹ̀yìn ajá àti ológbò nítorí iná-ara náà ń pa aláǹtakùn; bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́. Oògùn ẹ̀fọn tí a ń fín kò tiẹ̀ yẹ kó wọ inú ilé náà mọ́ rárá.

Lọ́jọ́ kan, á kọ oúnjẹ. Ikùn rẹ̀ á dúdú, á máa dán. Ó lè fi iyẹ̀pẹ̀ dí ẹnu ihò rẹ̀ pa. Ẹ̀rù máa ń ba ọ̀gbẹ̀rì níbí, á máa gbẹ́ ẹ jáde láti wò ó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọwọ́ yín sápò. Aláǹtakùn fẹ́ bọ́ awọ ni.

Yóò hun àkéte òwú, yóò sì dùbúlẹ̀ gbalaja lórí ẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ẹranko alààyè ni wọ́n ti dà sínú garawa ìdọ̀tí lásìkò yìí torí wọ́n rò pé ó ti kú. Ẹ di èyí mú: *èyí tó fẹ̀yìn lélẹ̀ tó na ẹsẹ̀ sókè ń bọ́ awọ, èyí tó dojú bolẹ̀ tó ká gbogbo ẹsẹ̀ sábẹ́ ikùn ló wà nínú wàhálà.* Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìbòrí àyà rẹ̀ á ṣí bí ọmọrí ìkòkò. Á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan yọ, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń bọ́ ṣòkòtò tó fún. Fún ọmọ kékeré, gbogbo rẹ̀ lè parí kí wákàtí kan tó pé. Fún àgbà, ó lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Bó bá jáde tán, awọ rẹ̀ ṣì rọ̀, eyín rẹ̀ funfun. Eyín yẹn á pọ́n, lẹ́yìn náà á dúdú. Ìrẹ̀ alààyè tí ẹ bá jù sí i kí eyín tó dúdú ló máa jẹ òun fúnra rẹ̀. Fún ọmọ, ẹ dúró ọjọ́ márùn-ún sí méje. Fún àgbà, ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: ọjọ́ tó jẹun, ọjọ́ tó kọ̀, ọjọ́ tó bọ́ awọ. Lẹ́yìn awọ kẹta, ìwé yẹn á máa sọ fún yín ohun tó ń bọ̀ kó tó dé.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ wo awọ tó bọ́ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ àti apá kékeré méjì iwájú gbọdọ̀ pé nínú rẹ̀.

Ìpele 5: Ìdánwò kí ẹ tó ra ẹlẹgẹ́

Ẹ má tan ara yín níbí o. Kí ẹ tó ra versicolor, àwọn nǹkan wọ̀nyí gbọdọ̀ ti ṣẹlẹ̀:

Akọ́niníṣẹ́ yín ti bọ́ awọ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì wà láàyè. Ẹ ti gbé e láti ike kan sí òmíràn lẹ́ẹ̀mejì láìjẹ́ pé ó sá lọ. (Inú báàfù ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ ti dí ihò omi, ẹ fi ike tó ṣófo bò ó, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rọra tọ́ ọ lẹ́yìn, ẹ ti páálí sábẹ́.) Ìrẹ̀ kò tíì tán nílé yín rí láìjẹ́ pé ẹ mọ ibi tí ẹ ti máa rí òmíràn.

Ìkan tó kù ni Kérésì. Ọ̀pọ̀ wa ń lọ ilé ní Disẹ́ńbà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún, a ó pa ẹ̀rọ amúlégbóná kí owó iná má bàa gun orí àjà. Àgbà tarántúlà tó yó, tí àwo omi rẹ̀ tóbi tó sì kún, lè fara da ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìjẹun. Ọmọ kò lè fara dà á, ọmọ versicolor ló sì kẹ́yìn nínú wọn. Yàrá tó lọ sílẹ̀ dé dígírì 10 sì lè pa wọ́n. Bí ẹ ò bá lẹ́ni tó lè máa wọlé lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, tí kò sì ń bẹ̀rù, ẹ má rà á lẹ́yìn oṣù Kẹsàn-án.

*Àyẹ̀wò:* Ẹ fún ẹni tó máa bá yín tọ́jú rẹ̀ ní ìwé àkọsílẹ̀ yín. Bí kò bá lè kà á kó mọ ohun tó kàn, ìwé náà kò tíì dára tó.

Ìpele 6: Ilé versicolor, kí onílé tó dé

Ilé yìí gbọdọ̀ ti wà fún ọ̀sẹ̀ méjì kí aláǹtakùn tó wọ̀ ọ́. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí.

Orí igi ni versicolor ń gbé, nítorí náà ike rẹ̀ ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ. Fún ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ nà tó sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5, sẹ̀ǹtímítà 10 níbùú, 10 ní gígùn, 15 ní gíga ti tó. Àgbà máa nílò 20, 20, 30.

Ẹ lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ kan nísàlẹ̀, díẹ̀ lókè iyẹ̀pẹ̀. Ẹ lu òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sí i, lókè. Afẹ́fẹ́ á gba ìsàlẹ̀ wọlé, á gba òkè jáde. Ihò orí ọmọrí nìkan kò tó. Afẹ́fẹ́ tútù á kàn dúró sínú ike bí oru inú ìkòkò tí wọ́n dé. Lóòótọ́, òjò ń rọ̀ ní Martinique, ṣùgbọ́n atẹ́gùn òkun ń fẹ́ gba orí àwọn igi yẹn kọjá tọ̀sán-tòru. Àwọn tó gbọ́ "òjò" tí wọn ò gbọ́ "atẹ́gùn" ni ti wọn ń kú.

Ẹ kó ìyẹ̀fun èèpo àgbọn sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5 sísàlẹ̀, gbígbẹ. Ẹ gbé èèpo cork dúró ní dídagun láti ìsàlẹ̀ dé ìwọ̀nba sẹ̀ǹtímítà 3 sí ọmọrí. Ẹ so ewé oníke mọ́ òkè rẹ̀, kó lè rí ibi so òwú mọ́. Ẹ gbé àwo omi sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn wá ńkọ́? Versicolor fẹ́ràn láti hun ilé sí òkè pátápátá, mọ́ ọmọrí. Bó bá jẹ́ ọmọrí lẹ ń ṣí, ilé rẹ̀ lẹ ń fà ya lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹranko tí wọ́n ń wó ilé rẹ̀ léraléra kì í jẹun. Ẹ ra ike tó ń ṣí níwájú, tàbí kí ẹ dojú ike dé, kí ọmọrí di ìsàlẹ̀ ilé.

*Àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ méjì:* Láàárọ̀, ẹ fi sírínjì kán omi mìlílítà 1 sí ara ike lápá kan. Ẹ padà wò ó lálẹ́. Ó gbọdọ̀ ti gbẹ, tàbí kó kù fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Bó bá ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ lu ihò sí i kí ẹ tún un dán wò. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá bu, tó ń hu nǹkan funfun bí òwú, ẹ kó gbogbo rẹ̀ dànù. Ọ̀sẹ̀ méjì yìí sàn ju kí ẹ máa sá kiri nígbà tí aláǹtakùn ti wà nínú rẹ̀.

Ìpele 7: Rírà

Ẹ má ra èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti inú ẹyin, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó. Ìgbà ọmọdé yẹn ni versicolor ń kú jù. Ẹ san owó lé e, kí ẹ ra èyí tó ti dé sẹ̀ǹtímítà 4 sí 5. Búlúù rẹ̀ ṣì máa wà. Bó bá ń dàgbà, á yí padà, ẹ̀yìn àyà á di àwọ̀ ewé, ikùn á pọ́n. Kì í ṣe àìsàn.

Ẹ béèrè nǹkan mẹ́rin: ọjọ́ tó bọ́ awọ kẹ́yìn, ohun tó ń jẹ, bóyá ilé ni wọ́n bí i sí tàbí inú igbó ni wọ́n ti mú un (ẹ má ra tinú igbó), bóyá akọ ni tàbí abo, bí wọ́n bá ti mọ̀. Ọgbọ́n àwọn kan ni láti ta àgbà akọ fún ọ̀gbẹ̀rì ní owó kékeré. Ẹ wo orí apá kékeré méjì iwájú: bí ó bá wú bíi ìbọ̀wọ́ akàn-ẹ̀ṣẹ́, akọ tó ti dàgbà tán ni, ọjọ́ ayé rẹ̀ kò pọ̀ mọ́.

Ẹ wo ikùn. Ó yẹ kó rí ribiti, kó má rún bí èso àjàrà gbígbẹ. Kò gbọdọ̀ máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́ bó bá ń rìn.

Bó bá jẹ́ pé wọ́n máa fi ránṣẹ́, ẹ má jẹ́ kó wá lásìkò tí ìta tutù ju dígírì 5 lọ.

Ìpele 8: Ọjọ́ tó dé, àti oṣù àkọ́kọ́

Inú páìpù oníke tí wọ́n fi tíṣù wé ló máa wà. Ẹ gbé páìpù náà sínú àpótí ńlá kan tó mọ́ gaara kí ẹ tó ṣí i, torí versicolor ń fò, ó sì ń sáré. Ẹ fi ẹ̀mú fa tíṣù, ẹ gbé ẹnu páìpù sí ara èèpo cork, kí ẹ fi í sílẹ̀. Bó bá gbà á ní wákàtí kan, ẹ jẹ́ kó gbà á. Ẹ má fi ojú sún mọ́ ọn. Àwọn irun ikùn rẹ̀ lè fò, bí wọ́n bá wọ ẹyinjú èèyàn, ilé ìwòsàn ni ó kàn.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ má fún un lóúnjẹ. Ẹ kán omi díẹ̀ sí ara òwú tàbí ara ike lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe sí ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kantíkantí tí kò lè fò tàbí ìrẹ̀ kékeré, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Ẹ jù ú sí tòsí òwú rẹ̀, torí kì í sọ̀kalẹ̀ wá wá oúnjẹ.

Omi: ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, mìlílítà kan lápá kan, kó sì gbẹ kí ẹ tó tún kán òmíràn. Bí ọkàn yín bá ń sọ pé ó ti gbẹ jù, ẹ kún àwo omi. Ẹ má fín.

*Àyẹ̀wò oṣù kan:* Ó ti hun òwú sókè. Ó ti jẹun lẹ́ẹ̀mẹta ó kéré tán. Ìgbẹ́ funfun wà lára ike. Ó máa ń ta á sára ògiri bí ẹni ń ta ọ̀fà, bí kò bá sí, kò jẹun. Bó bá hun òwú sísàlẹ̀, tàbí tó jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ tún wo ọ̀rinrin.

Bí nǹkan bá ń bàjẹ́

Ikùn rún, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo omi: òùngbẹ ni. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rọra darí rẹ̀ kí ẹnu rẹ̀, tó wà lábẹ́ láàárín eyín méjèèjì, kan omi. Ẹ má rì í.

Ó ń rìn kiri lọ́sàn-án, ike ń lààgùn: afẹ́fẹ́ kò tó. Ẹ kó o sínú ike mìíràn tó gbẹ, tó ní àwo omi, lónìí, kì í ṣe lọ́la.

Kòkòrò funfun wẹ́wẹ́ ń rìn lára rẹ̀: ẹ pààrọ̀ gbogbo iyẹ̀pẹ̀, ẹ kó àjẹkù dànù, ẹ jẹ́ kí ilé gbẹ.

Ó kọ oúnjẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ikùn rẹ̀ sì rí ribiti, ó ti fi òwú bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá lókè: ẹ padà sí Ìpele 4. Ẹ wo ọjọ́ tó bọ́ awọ kẹ́yìn nínú ìwé yín, kí ẹ kún àwo omi, kí ẹ sì fi yàrá náà sílẹ̀.